Igun Òsì Ọkọ̀ Tíṣà

"Omi àti ọṣẹ ti tó o jàre," ni Tíṣà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ọkọ̀ tó ti dàgbà tó báyìí, kí lo tún ń fi ìpara pa á lójú sí?"

Ìyàwó rẹ̀ kò wẹ̀yìn. Ó ti ṣí agolo pọ́líìṣì, ó gbé e sí imú, ó ń gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni pé ọbẹ̀ ni.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò. Èmi ni mo mọ ìdọ̀tí."

Òótọ́ ló sọ. Alágbàfọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, Alágbàfọ̀ náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń bá àbàwọ́n jà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé wọn, ó sì gbà pé kò sí ohun tó dọ̀tí tí kò lè mọ́, bí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ bá ti ní sùúrù. Ọkọ̀ nìkan ni kò tíì fọwọ́ kàn rí. Tíṣà ló máa ń fọ̀ ọ́, bó bá sì fọ̀ ọ́ tán, ojú ọkọ̀ náà á ṣì ṣú bí ojú ẹni tí kò sùn dáadáa. Ní àárọ̀ Sátidé yìí, obìnrin náà ti pinnu pé ọkọ̀ á dán.

Ìdí tó fi fẹ́ kó dán kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà ni wọ́n fẹ́ lọ gbé wálé láti ilé ìwòsàn ní agogo mẹ́wàá. Oṣù mẹ́ta ó lé ọjọ́ díẹ̀ ló lò níbẹ̀. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan nígbà tí ọkọ̀ kan gbá a, tí ọkọ̀ náà sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti orúnkún. Láti ìgbà náà ni Káfíńtà ti ń rìn káàkiri àwọn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ tó fọ́ níwájú wá. Tíṣà ló tilẹ̀ bá a kọ ìwé ìkéde tó lẹ̀ mọ́ ara òpó iná, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà dára, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í ní àṣìṣe.

Nígbà tí Alágbàfọ̀ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá obìnrin náà sílẹ̀, kò tiẹ̀ bi ọkọ rẹ̀ kó tó sọ fún Káfíńtà pé kó má wulẹ̀ wá ọkọ̀ kiri, ọkọ̀ àwọn wà nílẹ̀. Tíṣà gbọ́, ó ní jíà ọkọ̀ náà kò tíì dá òun lójú. Ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kò jìnnà, jíà á gbé wọn débẹ̀. Tíṣà ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà ni kì í jẹun dáadáa, Alágbàfọ̀ sì rò pé inú ló ń bí i torí pé òun kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́.

Ọkùnrin tó ta agolo pọ́líìṣì àti ti wáàsì fún un ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kó fọ ọkọ̀, kó nù ún gbẹ, kó jẹ́ kó wà ní ibòji, torí pé oòrùn á mú kí ìpara náà gan mọ́ ọn lára. Pọ́líìṣì ló ń ṣáájú, òun ló ń ha òkú ọ̀dà kúrò. Wáàsì ló ń kẹ́yìn, òun ló ń bo ojú ọkọ̀ kí omi má bàa dúró lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa bù ú, kó fi aṣọ pa á yípo yípo, kó fi í sílẹ̀ títí á fi gbẹ bí ìyẹ̀fun, kó tó wá nù ún.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Aṣọ ìtẹ́sùn funfun kan tí oníbàárà kò wá gbà láti ọdún méjì sẹ́yìn ló gé wẹ́wẹ́ tó ń lò. Eérú àti ìdọ̀tí dúdú ló ń jáde sára aṣọ náà, ó sì dùn mọ́ ọn nínú láti rí i. Ibi tó bá ti nù tán ń dán, búlúù tó jinlẹ̀, bó ṣe rí ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tí wọ́n rà á ní tuntun. Ó ṣe ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ṣe ẹ̀yìn. Ọwọ́ ń ro ó, ó sì ń kọrin sínú.

"Tíṣà, ẹ wá wo ojú yín nínú ilẹ̀kùn yìí. Ẹ ti darúgbó o."

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì dúró síbi tó wà, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mu ún. "Níwájú yẹn, má wulẹ̀ ṣe ibẹ̀," ó ní. "Agogo mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù."

"Agogo mẹ́jọ àbọ̀ la wà. Àbí wọ́n ti yí ìṣirò padà?"

Ó ṣe iwájú lápá ọ̀tún, ó sì bọ́ sí igun òsì. Ó bu pọ́líìṣì, ó pa á yípo yípo, ó dúró kó gbẹ, ó nù ún. Nígbà tó yí aṣọ padà, búlúù ló wà lára rẹ̀.

Ó wò ó. Ó rò pé bóyá ìdọ̀tí ni. Ó mú aṣọ mìíràn tó mọ́ tónítóní, ó tún pa á níbẹ̀, búlúù ló tún jáde, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó mú aṣọ kẹta lọ sí igun ọ̀tún, ó fi agbára nù ún níbẹ̀. Eérú nìkan ló jáde.

Bí ẹlòmíràn ni, á ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún fọ aṣọ mọ aṣọ tó ń yọ àwọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀wù àti ṣòkòtò kan wá fún un pé ọ̀kan náà ni wọ́n, tí ọ̀kan ń yọ àwọ̀ tí èkejì kò sì yọ, ó mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n rẹ wọ́n. Igun òsì ọkọ̀ yìí àti igun ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n kùn wọ́n.

Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó dún bí irin. Ó fi ìka kan igun òsì, ó dún kì, bí ẹni tó kan ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí irin ti tẹ́ lọ sí abẹ́ iná. Pọ́líìṣì ti ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, nǹkan funfun bí ẹfun sì ti yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló tó wo iná ọkọ̀ méjèèjì fúnra wọn. Ti ọ̀tún ti pọ́n, ọjọ́ orí ti bò ó lójú. Ti òsì mọ́ gaara bí omi inú ife.

Ara fu ú. Kò fẹ́ kó fu ú, àmọ́ ó ti fu ú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n gbá ìyàwó Káfíńtà ni Tíṣà tètè jáde torí pé òun ló fẹ́ lọ gba ìwé ìdánwò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi rìn wálé, ó ní jíà ọkọ̀ ti bàjẹ́, òun ti gbé e sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì kan lọ́nà jíjìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dé, ó fi tapólì bò ó, ó ní bọ́ọ̀sì lòun á máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, pé epo ti wọ́n jù. Alágbàfọ̀ ti fi èyí yangàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń sọ pé ọkọ òun ti kọ́gbọ́n. Ojú tì í nígbà tó rántí.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni ìwé ìkéde yẹn. Nínú yàrá wọn ni wọ́n ti kọ ọ́, òun alára ló gbé omi fún Káfíńtà mu. Káfíńtà ní obìnrin tó ń gbálẹ̀ ojú pópó rí ọkọ̀ náà bó ṣe ń sá lọ, ó ní ó jọ búlúù tó ṣú, ó sì lè jẹ́ dúdú. Tíṣà gbé bírò sókè, ó ní ìwé ìkéde kò gba "ó jọ", àfi ká mú ọ̀kan. Ó kọ "dúdú". Ó fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ wá," ni Alágbàfọ̀ wí.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan, ó dúró. "Mo sọ fún ẹ pé omi ti tó."

"Kí ló ṣe ibí yìí?"

"Òpó géètì ilé ìwé ni mo gbá. Mi ò fẹ́ kó o máa ronú, ni mi ò ṣe sọ ọ́."

"Ṣé kí jíà tó bàjẹ́ ni, àbí lẹ́yìn tí jíà bàjẹ́?"

Ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà ti ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè níwájú pátákó, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ ìdáhùn kì í wo àjà. Àjà kò sí níbi tó dúró sí. Ojú ọ̀run ló ń wò.

"Tíṣà," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kí ló dé tó o fi kọ 'dúdú'?"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní "o" rí. Tíṣà gbọ́ ọ. Ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n yọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo dúró," ó ní. "Èèyàn lè máa rò pé mi ò dúró. Mo dúró. Fóònù ni mò ń wò, ọ̀gá àgbà ló ń pè mí. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti wà níwájú mi. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo rí i pé ó ń mira."

"O rí i pé ìyàwó Káfíńtà ni?"

Tíṣà sún ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo ní, o rí i pé òun ni?"

"Ó pè mí," ni Tíṣà wí. "Iná ọkọ̀ ń tàn sí i lójú, kò rí mi. Ó kàn ń sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn.' Mo rò pé àwọn èèyàn ti fẹ́ máa jáde, ẹnì kan á rí i. Ẹnì kan sì rí i. Kò kú. Lójoojúmọ́ ni mò ń dúpẹ́ pé kò kú."

"Ìwọ ń dúpẹ́." Alágbàfọ̀ ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bínú ṣe ń bí i tó yẹn, àánú ọkùnrin náà tún ń ṣe é, ìyẹn ló burú jù. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ọkùnrin tí kì í jalè, tí kì í na ọmọ, tó máa ń padà sí ọjà láti dá ṣéńjì tó lé padà.

"Gbọ́ mi," ni Tíṣà wí, ó ti ń sọ ọ́ wéréwéré. "Jẹ́ ká gbé e wálé lónìí. Kó dùbúlẹ̀ sínú ilé ẹ̀. Kí ara ẹ̀ balẹ̀. Tó bá yá, màá sọ ọ́ fúnra mi. Mo búra. Tí mo bá sọ ọ́ lónìí, ẹ̀wọ̀n ni. Iṣẹ́ mi lọ. Ìwọ náà, ta ló máa gbé aṣọ wá fọ̀ lọ́dọ̀ ẹ?"

Ó dìde, ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú ìgò kékeré kan. Ọ̀dà búlúù ni, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín wà nínú ìdérí rẹ̀. Ẹni tó bá a tún ọkọ̀ ṣe ló fún un, pé bí ibì kan bá bó, kó fi kùn ún. Ó fi í sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ó ní. "Ọwọ́ tìrẹ ló dúró."

Ká má purọ́, Alágbàfọ̀ gbà á. Ó ṣí i pàápàá. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: kó kùn ún, kó gbẹ, kó fi wáàsì bò ó, ojú ẹ̀dá kò ní rí i mọ́. Ó ti yọ àbàwọ́n tó burú ju èyí lọ, ó ti dá aṣọ padà fún olówó rẹ̀ láìbi í pé ẹ̀jẹ̀ ta ni. Ó rò ó. Ó ro ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ro ẹnu àwọn èèyàn àdúgbò, ó ro bí ilé á ṣe rí tí ọkùnrin yìí kò bá sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ogún ọdún náà kò kéré. Òun á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni tí ń kú.

Ìgbà náà ni géètì dún.

Káfíńtà ló wọlé, ó ti wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù tó dára jù nínú ẹ̀wù rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ funfun, ìrọ̀rí kan sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún, àmọ́ láàárín oṣù mẹ́ta yìí ó ti dà bí ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Mo mọ̀ pé mo ti yá jù, mi ò lè jókòó sílé ni." Ó rí ọkọ̀, ó dúró. "Àǹtí, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí? Mo lè fá irùngbọ̀n níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀. Gbogbo èyí, torí ìyàwó mi?"

Alágbàfọ̀ ti sún síwájú igun òsì, kò mọ ìgbà tó ṣe é. Ó di ìgò náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Káàbọ̀, àbúrò mi," ó ní.

"Ìrọ̀rí yìí, àwọn nọ́ọ̀sì ló ní ká fi tì í nídìí ẹsẹ̀, kí ó má máa lu ìjókòó." Káfíńtà gbé e sókè kí wọ́n rí i. "Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹ̀rù ọkọ̀ ń ba òun. Bó bá ti gbọ́ tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń dún níta lásán, àyà ẹ̀ á máa já. Ó ní ká kúkú jẹ́ kí òun máa gbé ní ilé ìwòsàn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ní ọkọ̀ Tíṣà mà ni, Tíṣà fúnra wọn ló máa wà á. Ó wá ní, 'Bó bá jẹ́ Tíṣà ni, màá wọ̀ ọ́. Tíṣà kì í sáré.'"

Tíṣà ń wo ilẹ̀.

Alágbàfọ̀ mọ̀ nígbà náà pé òun kò lè ṣe é. Ó wù ú kó lè ṣe é. Ó dé ìdérí ìgò ọ̀dà náà, ó gbé e sórí òrùlé ọkọ̀ níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, ó sì na ọwọ́.

"Gbé ìrọ̀rí yẹn fún mi," ó ní. "Wá fọwọ́ kan ibí."

Ó ṣí kúrò níbi tó dúró sí.

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ibi tí ọ̀dà ti bó. "Pọ́tì ni," ó ní. "Èmi náà ń lò ó tí pákó bá ní ihò. Ẹni tó ṣe é kò fi bébà oníyanrìn ha á dáadáa." Ohùn rẹ̀ ṣì fúyẹ́, ohùn oníṣẹ́ ọwọ́ tó rí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìka rẹ̀ ń lọ lára irin, ó dé ara iná tó mọ́ gaara. Ó wo iná ọ̀tún. Ó tún wo ti òsì. Ìka rẹ̀ kò lọ mọ́.

"Nígbà wo ni wọ́n tún un ṣe?" ó béèrè. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ ló ń bi.

"Dá a lóhùn, Tíṣà," ni Alágbàfọ̀ wí.

Tíṣà gbójú sókè. "Ọjọ́bọ̀ yẹn ni," ó ní. "Agogo márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Èmi ni."

Káfíńtà kò pariwo. Ó nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò, ọ̀dà búlúù fa ìlà sára aṣọ funfun náà, ó sì ń nù ún lọ bẹ́ẹ̀, ó ń nù ún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ bá mi kọ ìwé yẹn," ó ní.

"Èmi ni," ni Tíṣà wí.

"Mo jókòó sórí àga yín. Ẹ ní kí n má sunkún, pé Ọlọ́run á tú àṣírí ẹni náà."

Tíṣà tẹ̀ síwájú. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Káfíńtà gbé ọwọ́ sókè, bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, Tíṣà sì dúró bẹ́ẹ̀, kò dìde, kò kúnlẹ̀.

"Ó ti múra," ni Káfíńtà wí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Láti agogo mẹ́fà ló ti múra. Orí ibùsùn ló jókòó sí, ó ń retí wa."

Ó yí padà, ó ń lọ síbi géètì. Kò sáré. Alágbàfọ̀ wo ọkọ rẹ̀, omi ti ń bọ́ lójú obìnrin náà, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá," ó ní. "Kó o tó jẹ ohunkóhun, kó o tó pe ẹnikẹ́ni, lọ. Fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Fẹsẹ̀ rìn, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì."

Ó bọ́ ìró iṣẹ́ tó ró lé aṣọ rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ra, ó sì jáde. Káfíńtà ti dé etí títì, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ akérò kan, ọkọ̀ náà sì dúró. Alágbàfọ̀ sáré tọ̀ ọ́. Ó ń retí pé á lé òun padà. Káfíńtà kò lé e. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó jókòó, ó wo iwájú, kò sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.